Ìbọn ìléwọ́ wo ló yẹ kí ọdẹ so mọ́ra wọ igbó béárì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìbọn gígùn ni mo fi ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n béárì àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó wà nínú igbó tí mò ń wọ̀. Mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta ńlá tí n óò máa so mọ́ra, torí ìgbà tí ìbọn gígùn ò bá sí nítòsí. Mo ti gba ìwé àṣẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní èyí tó ń yin ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní .500 ni kí n rà. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ fi .500 sílẹ̀. Ọta .500 S&W Magnum, tó jáde lọ́dún 2003, lágbára lóòótọ́, àmọ́ èyí tó gùn nínú àwọn ìbọn tó ń yìn ín wúwo tó kìlógíráàmù 2, ó sì ń gbá ọwọ́ sókè débi pé ẹni tó rà á kì í fẹ́ fi ṣe ìdánrawò. Àwa tí à ń tún ìbọn ṣe mọ irú rẹ̀: ó ń dán gbinrin, kò sì ríṣẹ́ ṣe. Ìbọn tó wúwo jù, inú àgọ́ ló máa ń wà nígbà tí wàhálà bá dé.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ rà ni rifọ́fà, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí àgbá tó gbé ọta rẹ̀ ń yí, tó ń yin ọta .44 Magnum, irú Ruger Redhawk tàbí Smith & Wesson 629, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó íńṣì 4. Ìwọ̀n rẹ̀ ò ju kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ọta .44 Special tó rọ̀ díẹ̀ wọ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ lè máa fìyẹn ṣe ìdánrawò.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú oní-magasíìnì, èyí tí àpótí ọta rẹ̀ wà nínú ìdí ìbọn. Glock 20, tó jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, ń gba ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú 10mm Auto, kì í sì í gbá ọwọ́ tó .44, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó ti .44. Ìbọn gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹranko bá ti gùn yín mọ́lẹ̀ tí ẹ ki ẹnu ìbọn mọ́ ọn lára, irin òkè rẹ̀ lè sún sẹ́yìn, kó má sì yìn. Rifọ́fà yóò yìn. Bí ọta kan bá kọ̀, ẹ tún fà á, òmíràn á bọ́ síbẹ̀.

Kò wá túmọ̀ sí pé rifọ́fà kì í há o. Ọta fúnra rẹ̀ ló máa ń há a jù. Nígbà tí ìbọn bá ń gbá sẹ́yìn, òjé orí àwọn ọta tó kù lè máa yọ síwájú díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀, pàápàá nínú ìbọn fífúyẹ́. Bó bá yọ kọjá etí àgbá tó ń yí, àgbá ò ní yí mọ́. Nítorí náà, ẹ ki mẹ́fà, ẹ yin márùn-ún, kí ẹ yọ ẹ̀kẹfà jáde, kí ẹ fi í wé tuntun. Bó bá ti gùn jù ú lọ, ẹ má gbé irú ọta yẹn wọ igbó. Òjé líle olórí pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà fún béárì, torí ó ń wọlé jìn. Olórí oníhò máa ń fẹ̀ kó tó dé ibi tó yẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ògbólógbòó Ruger tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ fún yín, tó jẹ́ ti ìṣáájú 1973 tí wọn ò tíì tún inú rẹ̀ ṣe, ọta márùn-ún péré ni kí ẹ kì sí i, kí òòlù wà lórí ihò òfìfo. Bó bá já bọ́, ó lè yìn fúnra rẹ̀.

Àpò àyà ni kí ẹ fi gbé e. Àpò ẹ̀yìn àti ẹ̀wù òtútù máa ń bo ti ìbàdí. Ẹ ka òfin ọdẹ ibi tí ẹ ń lọ pẹ̀lú, torí ìwé àṣẹ ìbọn nìkan kì í tó níbòmíràn. Agolo ata tí wọ́n ń fọ́n sí béárì lójú náà ò gbọdọ̀ wọ́n lára yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yá irú rẹ̀ níbi ìdánrawò, ẹ bo etí yín. Láti mítà méje, ẹ yọ ọ́ nínú àpò, kí ẹ yin ẹ̀ẹ̀mejì léra kíákíá. Bí èkejì ò bá ba ohun tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí .357 Magnum ọlọ́ta líle tó wúwo.