Ọmọ tó ń géni jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi: ẹ gbé bírò kí ẹ tó gbé ohùn sókè

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Kí àwọn yòókù lè bá wa lọ: ọmọkùnrin ọmọ ọdún 3 ni, nínú kíláàsì ọmọ 18 tó ní àgbà 2. Bí àkókò ìpalẹ̀mọ́ bá ti tó báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju nǹkan ìṣeré, á sì gé ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ. Ọ̀gá yín ní kí ẹ máa mú un jókòó sí igun yàrá. Ẹ wá ń béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni kó máa lò níbẹ̀, àti kí ni kí ẹ sọ fún ìyá rẹ̀. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún èmi nígbà tí iná yìí ń jó mi lára.

Ẹ wá ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i kó di òpó 4: aago, ohun tó ń lọ kété ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀lé e. Nínú òpó kẹta, ẹ má kọ “ó ya pòókí”, ẹ má kọ “inú ló ń bí i”. Ohun tí kámẹ́rà lè yà nìkan ni kí ẹ kọ. Òpó kẹrin ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà. Ta ló sáré wá? Ọwọ́ ta ni nǹkan ìṣeré náà wà nígbẹ̀yìn? Ìlà kan nìyí kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí:

9:40. A ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Ó ku búlọ́ọ̀kù onígi 2 kí ilé tó ń kọ́ parí, ọmọ kan sì fà á wó. Ó gé ọmọ náà jẹ léjìká. Tíṣà gbé e lọ sí igun; àwọn yòókù kó gbogbo búlọ́ọ̀kù tán kó tó dìde.

Ẹ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kò kó búlọ́ọ̀kù kankan. Ohun tí àwa pè ní ìyà, ọ̀nà àbáyọ ni lójú tirẹ̀. Lọ́la, bí aago bá ti ń lọ sí 9:40, eyín á tún yọ, torí eyín ló ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ ilé-ìwé 5 ni kí ẹ fi kọ ọ́, ó kéré tán. 10 ló dáa jù. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí kò gé ẹnikẹ́ni jẹ náà, torí ohun tó yàtọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ oògùn. Ìdí tí ọmọ kékeré fi ń ṣe báyìí kò pọ̀: ó fẹ́ gba nǹkan, ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ nǹkan, ó fẹ́ kí ojú ènìyàn wà lára òun, tàbí kó jẹ́ ara ló ń bá a jà: ariwo, ebi, oorun, ìgbẹ́ tó le. Nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́ méjì pa pọ̀. Títí ìwé yẹn yóò fi sọ èyí tó jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ. Alágídí, aláìgbọràn, oníjàgídíjàgan: orúkọ tí tíṣà ọdún yìí fún un, tíṣà ọdún tó ń bọ̀ á bá a níbẹ̀.

Àwọn tó máa ń wá ṣàyẹ̀wò kíláàsì ńkọ́? Wọ́n á jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí ọmọ ń ya àwòrán jẹ́jẹ́, wọ́n á kọ “kí olùkọ́ túbọ̀ máa ṣe sùúrù”, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó máa ń wá ní 9:40. Sùúrù dáa, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe ètò.

Ó yá, ibi tó ń dun ènìyàn jù rèé, màá sì pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èrè tí ọmọ ń jẹ nídìí gígé jẹ, tí ẹ sì dáwọ́ èrè yẹn dúró, ìwà náà lè má kọ́kọ́ dínkù. Ó lè ru kó tó rọ̀. Ọmọ tó ń géni jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ lè di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kó sì fi ìtutọ́ àti ìfoorígbálẹ̀ kún un. Ìdí rẹ̀ kò le: bí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń ṣílẹ̀kùn láti ọjọ́ yìí kò bá yí mọ́, èèyàn kì í sọ ọ́ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ fi agbára yí i, á fi èjìká ti ilẹ̀kùn, á tún gbá a nípàá. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọ mìíràn máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ayé á sọ fún yín pé ohun tí ẹ ń ṣe kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá á yọjú, òbí á fi ìbínú kàn sí yín, ẹ̀yin fúnra yín á sì máa rò pé bóyá igun yẹn ló dáa.

Bí ẹ bá wá yíjú padà lọ́jọ́ kẹrin, tí ẹ tún gbé e kúrò nídìí búlọ́ọ̀kù, ẹ ti bà á jẹ́ ju kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá lọ. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé gígé jẹ ẹ̀ẹ̀kan kò tó mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni owó ọjà. Èrè tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì le ju èyí tó ń wá ní gbogbo ìgbà lọ láti pa. Ẹ wo àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo àgbà tó ń wọ kíláàsì yẹn gbọ́dọ̀ jọ sọ ohun kan náà: ẹnìkejì yín, tíṣà ọ̀sán, títí kan màmá tó ń gbálẹ̀ tó máa ń gbé e sáyà bó bá ti ń ké. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan máa gba ìsinmi.

Mi ò ní kí ẹ dijú sí gígé jẹ o. Èrè nìkan lẹ ń dá dúró, ẹ kò dá ààbò dúró. Bí ó bá ti ń yanu bọ̀, ẹ fi ara yín sáàárín. Ohùn yín kó lọ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má pọ̀: “Mi ò ní jẹ́ kó o gé e jẹ.” Ọ̀dọ̀ ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yíjú sí. Ẹ má wàásù, ẹ má béèrè “kí ló ṣe ọ́?” Ọmọ tó ń ké tagbára-tagbára kì í gbọ́ èdè lásìkò yẹn, ẹ̀ ń fi omi sínú agbọ̀n ni. Bó bá rọlẹ̀, ẹ dá a padà sídìí ohun tó sá fún. Bó bá jẹ́ ogún búlọ́ọ̀kù ló kù, ẹ dín in kù sí ẹyọ 1, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín ran ọwọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ó, kì í ṣe òfo. Lọ́la kó di 2. Bí ọwọ́ ẹ̀yin bá sì ti ń gbọ̀n, ẹ ṣẹ́jú sí ẹnìkejì yín kó gba ipò yín. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ kò sì lè gba eyín lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní nǹkan mìíràn. Ẹ kọ́ ọ ní àmì kan: kó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kó ní “ó kù díẹ̀”. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni ẹ ó kọ́ ọ o, bíi ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀melòó kan lójúmọ́, kí ẹ fi bèbí méjì ṣe é bí eré. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá na ọwọ́ yẹn, ẹ dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ọwọ́ nínà bá lọ́ra ju eyín lọ, eyín ni yóò borí.

Àwòrán ètò ọjọ́ lára ògiri, orin ìpalẹ̀mọ́, yíyin ọmọ fún ohun tó ṣe gan-an dípò “o káre” lásán: ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ má sọ fún ọmọ ọdún 3 pé “ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún” ṣá, kò mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ ní “búlọ́ọ̀kù 2 sí i, ká wá palẹ̀ mọ́”, kí ẹ jọ kà á.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ yẹn wò. Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí, kó máa gbọ́ lónìí, kó má gbọ́ dáadáa lọ́la. Èèyàn á sì máa pè é ní aláìgbọràn. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń pòórá lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kì í wẹ̀yìn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tí kì í nàka sí ohun tó wù ú, dókítà ni kó rí, kíákíá. Oorun náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13 láàárín wákàtí 24, tí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn.

Ẹ wo yàrá yín pẹ̀lú. Àyè gbọọrọ láàárín yàrá, ibi eré sísá ni lójú ọmọ. Ẹ gbé pẹpẹ kúkúrú kan dábùú rẹ̀. Nǹkan ìṣeré tí wọ́n ń jà lé lórí jù, ẹ ra méjì tó bára mu. Ẹ má to ọmọ 18 sórí ìlà kan láti fọwọ́. Mẹ́rin mẹ́rin ni kí wọ́n máa lọ, torí orí ìlà tí kò sí nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni eyín ti ń wọ èjìká.

Igun wàyí. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ó ń sá fún ìpalẹ̀mọ́ ni, ìṣẹ́jú òfo ni ìdáhùn mi, ẹ má mú un lọ síbẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé ojú ènìyàn ló ń wá, ẹ lè mú un kúrò nínú eré díẹ̀: òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni ìṣẹ́jú 1 fún ọdún 1, ìyẹn ìṣẹ́jú 3, níbi tí ẹ ti ń rí i, láìsí ìwàásù, kó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ẹ má tì í mọ́ yàrá. Ẹ má dojú rẹ̀ bolẹ̀ mọ́lẹ̀, èémí lè sé e. Ẹ má sì gé e jẹ padà “kó lè mọ bó ṣe ń dun ni”. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé àgbà náà ń géni jẹ. Bí eyín bá dá awọ ara lu, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí òbí ọmọ méjèèjì gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí ọmọ tó fara pa rí dókítà. Ẹ má dárúkọ ẹni tó géni jẹ fún òbí ọmọ tó fara pa.

Ìyá rẹ̀: ẹ má bá a sọ ọ́ lẹ́nu géètì níwájú àwọn òbí mìíràn. Ẹ mú ìwé òpó 4 yẹn dání, ẹ fi ìlà kan tó dáa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá bi í ní mẹ́ta: ìgbà wo ló ń sùn, kí ló yí padà nílé láìpẹ́ yìí, kí ni wọ́n máa ń ṣe bó bá géni jẹ nílé. Bí ọ̀gá bá sì ní kí ẹ máa pe ìyá kó wá mú un lọ sílé ní 10:00, ẹ rọra ṣàlàyé pé ọmọ tó ń sá fún ìpalẹ̀mọ́ kò lè rí èrè tó tóbi ju ìyẹn lọ.

Ẹ máa ka iye ìgbà tó géni jẹ lójoojúmọ́. Bí 6 bá di 4 lẹ́yìn ọjọ́ 10, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má retí òfo. Bó bá dúró sójú kan, ìdí tí ẹ mú ni kò tọ̀nà. Ẹ padà sí òpó kẹrin, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ ká jọ wò ó.