Bí o bá fẹ́ dá géèmù ṣe, ka ìyókù iṣẹ́ mọ́ ọn

Àbúrò, o ní láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8, o mọ èdè kóòdù Python díẹ̀, o ń lọ síbi iṣẹ́ lójú mọ́mọ́, o sì fẹ́ dá géèmù kan ṣe, kí o máa tà á lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ọdún tó yípo. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá máa fi ọwọ́ kan sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ohun tó lè dá gbé. Nígbà tí akọni rẹ bá ti ń fò, tó ń sáré, tó ń jà dáadáa, wàá rò pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò tíì tán. Mẹ́nù, fífi eré pamọ́, ohùn, páàdì, ojú kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi, àwòrán ìpolówó, ìwé owó orí, gbogbo rẹ̀ ló máa gba alẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀.

Nítorí náà, ṣe ìpele kan ṣoṣo parí, tòun ti ohùn, mẹ́nù àti ìfipamọ́, kí o tó fọwọ́ kan ìkejì. Kọ wákàtí tó gbà sílẹ̀. Ká ní o ń rí wákàtí 14 lọ́sẹ̀, tí ìpele náà sì gba ọ̀sẹ̀ 3, wákàtí 42 nìyẹn. Ìpele 10 á jẹ́ 420, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 30 láìsí àìsàn, láìsí òde ìgbéyàwó, láìsí ọjọ́ tí iná ò wá. Fi ìdajì kún un fún ìyókù iṣẹ́ tí mo kà sókè yẹn, ó di ọ̀sẹ̀ 45. Ọdún ti tán nìyẹn. Bí ìpele 30 ló wà lọ́kàn rẹ, gé e sí 8. Wọ́n á sọ fún ọ pé Eric Barone nìkan ló ya géèmù Stardew Valley, òun ló kọ kóòdù rẹ̀, òun ló kọ orin rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún mẹ́rin kó tó jáde ní oṣù kejì 2016.

Irinṣẹ́ kò yẹ kó gbà ọ́ ní ọjọ́ púpọ̀. Mú Godot, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù. Ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ ìwé àṣẹ MIT ló wà, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ léèrè ìdá kankan nínú owó tó o bá pa. Èyí ṣe pàtàkì: ní oṣù kẹsàn-án 2023, Unity, irú ètò bẹ́ẹ̀ míì, kéde owó tuntun tí wọ́n fẹ́ máa gbà lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ, ọdún kan gbáko sì kọjá kí wọ́n tó fagi lé e. GDScript, èdè kóòdù tí Godot ń lò, sún mọ́ Python dáadáa. Bí o bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, yan Compatibility níbi tí ó ti ń béèrè ọ̀nà ìyàwòrán, nítorí OpenGL, ọ̀nà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ̀, ló ń lò. Forward+, ọ̀nà míì, ń béèrè Vulkan tàbí irú rẹ̀ tó jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í sì í rí i gbé.

Àṣìṣe tó ń jẹ ọjọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìyára. Bí o bá kọ ọ́ pé kí nǹkan sún píksẹ́ẹ̀lì 5 ní férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí géèmù bá tún ojú rẹ̀ yà, lórí ojú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe férémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá, 300 ló máa rìn. Lórí èyí tó ń ṣe 144, á di 720. Ọ̀tá rẹ á máa fò bí ìbọn. Kọ ìyára náà bí ti ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o wá fi delta, ìyẹn àkókò tó kọjá láti férémù tó ṣáájú, sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń lo CharacterBody2D, ohun tí Godot ní fún akọni, pẹ̀lú move_and_slide tó ń gbé e rìn, má fi delta sọ velocity (ìyára rẹ̀) di púpọ̀, nítorí ó ti ṣe é fún ọ. Bí o bá tún un ṣe, akọni rẹ á máa wọ́ bí ìgbín. Ohun tó bá ń yí ìyára padà díẹ̀díẹ̀, bí agbára òòfà tó ń fa akọni wálẹ̀, ló ṣì nílò delta níbẹ̀.

Èkejì ni orúkọ fáìlì. Windows kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ilu.png àti ilu.png, nítorí náà gbogbo nǹkan á máa ṣiṣẹ́ nígbà tó o bá ń dán an wò. Ọjọ́ tí o bá kó géèmù náà jáde fún àwọn ènìyàn, àwòrán á ṣàdédé pòórá, nítorí àpò tí Godot kó o sí mọ ìyàtọ̀ náà. Lo lẹ́tà kékeré nìkan, fi ìlà ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀, má sì fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì rárá: ilu_gangan.ogg ti tó.

Inú géèmù gan-an ni kí àmì ohùn wà. Bí o bá máa kọ Yorùbá sí i, yan fọ́ńtì rẹ kí o tó ya mẹ́nù. Kò sí lẹ́tà odindi kan nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, fún ẹ̀ tàbí ọ́. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń tò pọ̀, fọ́ńtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Godot 4 lè tò ó dáadáa, fọ́ńtì Noto Sans sì ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì oníṣẹ́ píksẹ́ẹ̀lì kò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. Tẹ "Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ǹ" wò kí o tó fẹ́ràn fọ́ńtì kankan.

Fún ìfipamọ́, inú user://, àpò tí Godot yà sọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ oníṣeré, ni kí o kọ ọ́ sí. res://, àpò iṣẹ́ rẹ gan-an, kò ṣeé kọ nǹkan sí mọ́ tí géèmù bá ti jáde, bẹ́ẹ̀ á ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á sì kọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sínú fáìlì náà, kí àtúnṣe rẹ ti oṣù tó ń bọ̀ má ba eré ẹni tó ti dé ìpele 6 jẹ́. Kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì ìgbà díẹ̀, kí o tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti gidi. Bí iná bá lọ láàárín, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Iná kan náà ni kó jẹ́ kí o máa fi iṣẹ́ rẹ sínú Git, ètò tó ń pa ẹ̀dà iṣẹ́ mọ́, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì rán an lọ síta. GitHub, ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ Git sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í gba fáìlì tó bá ju mẹ́gábáìtì 100 lọ, nítorí náà ya àwòrán ńláńlá sọ́tọ̀ sórí díráìfù míì.

Ní ti ohùn, WAV fún èyí tó kúrú, OGG fún orin. Má so ọ̀pá ìdiwọ̀n ohùn tí oníṣeré ń fà mọ́ désíbẹ́ẹ̀lì tààrà. Lo linear_to_db, tí Godot fi ń yí i padà sí désíbẹ́ẹ̀lì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn á ti kú kí ọwọ́ tó dé àárín.

Ó wá kan Steam. Dọ́là 100 ni wàá san fún wọn lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá a padà bí géèmù náà bá ti pa 1,000. Láti ọjọ́ tí o bá san án, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá kí o tó gbé e jáde, ojú-ìwé rẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n máa yẹ ojú-ìwé wò, wọ́n á tún yẹ géèmù fúnra rẹ̀ wò, nítorí náà má fi í di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Lójú tèmi, oṣù mẹ́fà ṣáájú ló yẹ kí ojú-ìwé wà níta, torí àwọn tó bá fi géèmù sínú wishlist (àkójọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà) ni Steam á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ tó bá jáde. Bí owó ayàwòrán kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, ná an sórí àwòrán iwájú géèmù. Dín in kù sí píksẹ́ẹ̀lì 120 ní fífẹ̀. Bí o ò bá lè ka orúkọ géèmù mọ́, dá a padà fún ayàwòrán náà. Next Fest, àjọ̀dún demo (géèmù àdánwò) tí Steam ń ṣe, tó ń wáyé ní oṣù kejì, ìkẹfà àti ìkẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni géèmù kan lè wọ̀ ọ́, má wọ̀ ọ́ kí demo rẹ tó dán.

Ka owó náà dáadáa. Steam ń mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà bí o bá kọ W-8BEN, ìwé owó orí Amẹ́ríkà fún ará ilẹ̀ òkèèrè, tán, wọ́n á tún yọ ìdá 30 nínú ìpín tìrẹ lórí èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà. Géèmù dọ́là 5 tí wọ́n rà níbẹ̀ á di 3.50, lẹ́yìn náà 2.45. Jẹ́ kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì dọ́là rẹ bá ti ìwé owó orí mu láìku lẹ́tà kan, kí owó má baà há. Oníbàárà sì lè dá géèmù padà láàárín ọjọ́ 14 bí kò bá tíì fi í ṣeré tó wákàtí méjì, torí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kí o fún lákòókò jù.

Má gbé e jáde lọ́jọ́ Friday. Gba ìsinmi níbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yẹn bí o bá lè rí i gbà, kí o sì gbé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka àdánwò kí o tó fi í sí gbangba. Bí ó bá ṣì bà jẹ́, wọlé sí Steamworks, ojú-ìwé Steam fún àwọn tó ń ta géèmù níbẹ̀, yan ẹ̀dà tó ṣáájú, kí o dá a padà fún gbogbo ènìyàn kí o tó jókòó wá ibi tí àṣìṣe wà.