Ṣé kí n fi C kọ app ṣọ́ọ̀bù mọ́mì mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. C, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní yunifásítì, òun nìkan náà ló sì yé mi dáadáa. Mọ́mì mi ń ta aṣọ, mo wá fẹ́ fi C kọ app tí wọ́n á máa fi ṣàkọsílẹ̀ ọjà àtàwọn oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó. Ọ̀rẹ́ mi ní C ti di ti ayé àtijọ́, kí n gbé e jù síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kú iṣẹ́ náà. C ti pẹ́ lóòótọ́, láti nǹkan bí 1972 ni Dennis Ritchie ti ṣe é ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kernel Linux, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ nínú fóònù Android, C ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Python, èdè kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò yẹn gan-an, C ni wọ́n fi kọ ọ́. Kí ọ̀rẹ́ ẹ rọra o.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé kì í jẹ mẹ́mórì, ó sì yára. Arduino Uno R3, kọ̀ǹpútà pínńṣín tí àwọn ọmọ engineering máa ń rà, RAM (mẹ́mórì) orí ẹ̀ ò ju 2KB lọ, kí lo fẹ́ kó sórí ẹ̀ tó máa gbà? Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì inverter lo fẹ́ ṣe ni, C ni mo máa ní kó o lò, ká má wulẹ̀ jiyàn.

Ti ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀. Ká ní o ṣe struct kan (àpótí tó ń kó àkọsílẹ̀ oníbàárà kan pọ̀), o kọ char oruko[10] síbẹ̀, ìyẹn àyè lẹ́tà 10 fún orúkọ, o kọ int gbese, ìyẹn nọ́ńbà gbèsè, tẹ̀ lé e. Oníbàárà kan jẹ 5,000 náírà, o wá fẹ́ tún orúkọ ẹ̀ kọ, o fi strcpy, àṣẹ tí C fi ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀, da Oluwadamilola síbẹ̀. Lẹ́tà 13 nìyẹn, pẹ̀lú òdo tí C fi ń parí ọ̀rọ̀ ó di 14. C ò ní sọ fún ẹ pé kò gbà á o, á kàn máa kọ ọ́ lọ ni títí tó fi máa wọ ilé onílé, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tá à ń lò báyìí, àyè méjì tó ṣófo ló wà láàárín orúkọ àti gbèsè, "a" tó gbẹ̀yìn àti òdo yẹn á wá bọ́ sórí gbèsè, 97 sì ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú "a", 5,000 á di 97. Náírà mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! App náà sì lè má kú, kó ṣì máa ṣiṣẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan, mọ́mì ẹ ni owó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Heartbleed, àléébù tó da OpenSSL (ètò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) láàmú ní 2014 náà, ọ̀rọ̀ ààlà tí kóòdù ò wò ni, àwọn èèyàn kàn ń rí ohun tó wà nínú mẹ́mórì server kà, tó fi mọ́ password.

Tó o bá tún fẹ́ kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn ńkọ́? strlen, àṣẹ tó ń ka gígùn ọ̀rọ̀, lè sọ fún ẹ pé Ọlá jẹ́ 6, torí báìtì (ẹyọ àyè nínú mẹ́mórì) ló ń kà, kò mọ lẹ́tà. Bútìnì àti wíńdò kò sì sí nínú C fúnra ẹ̀, wàá lọ wá GTK, àkójọ kóòdù tó ń ya bútìnì àti wíńdò, tàbí nǹkan míì, gbogbo malloc tó o bá pè láti gba àyè nínú mẹ́mórì, ìwọ náà lo máa rántí free ẹ̀, ìyẹn kó o dá àyè náà padà.

Èmi o, Python ni mo máa fi kọ ọ́, màá kó àkọsílẹ̀ sínú SQLite, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú fáìlì. C ni wọ́n fi kọ SQLite náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti jìyà ẹ̀ fún ẹ.

Tó bá jẹ́ pé C náà lo ṣì fẹ́, máa fi -Wall -Wextra -fsanitize=address compile (ìyẹn tó o bá ń sọ kóòdù di app), àwọn àṣẹ yẹn ń wá àṣìṣe, á mú ọ̀pọ̀ nǹkan fún ẹ, àmọ́ ti 97 yẹn lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí inú struct kan náà ló ti ṣẹlẹ̀. Pa strcpy tì, snprintf, àṣẹ tí kì í kọ kọjá àyè tó o bá fún un, ni kó o lò, kó o fún un ní sizeof (ìwọ̀n) àyè orúkọ yẹn, kó o sì wo nọ́ńbà tó dá padà: tó bá ti tó àyè yẹn tàbí tó jù ú lọ, ó ti gé orúkọ oníbàárà nìyẹn.