Èsì: Fífi àwọ̀ sí fọ́tò dúdú-òun-funfun nínú ImageMagick

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àṣẹ -colorize 50 nínú ImageMagick (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe) ń mú kí fọ́tò yín dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú aró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ibi dúdú àti ibi funfun, ó ń po àwọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ lo èyí:

magick iya.png +level-colors "#2b1a10","#fff3dc" iya2.png

Àwọ̀ àkọ́kọ́ (#2b1a10) á gba ipò dúdú, ìkejì (#fff3dc) á gba ipò funfun, ti àárín á máa yí díẹ̀díẹ̀. Lórí ImageMagick 6, convert lẹ máa kọ dípò magick.

Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò lè mọ̀ bóyá gèlè pupa ni ìyá wé o. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ara àti aṣọ gan-an lẹ ń wá, ẹ gbìyànjú DeOldify, ètò AI tó ń fi àwọ̀ sí fọ́tò àtijọ́. Ńṣe lòun náà ń méfò, nítorí náà ẹ bi àwọn àgbà ilé kí ẹ tó gbà á gbọ́.