Ẹ Bi Onígìtá: Ṣé Igi Ìdáná Ni Gìtá Mẹ́síkò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston fẹ́ ra gìtá iná Fender Stratocaster bọ̀ fún mi ní Kejìlá. Owó ọwọ́ rẹ̀ ká ti Mẹ́síkò, díẹ̀ á tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni, àfi ká dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa ní gìtá tí kì í bá ti ṣe ti Amẹ́ríkà, igi ìdáná ni. Ṣé kí n dúró?
*Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Àbúrò, má dúró. Jẹ́ kí wọ́n rà á. Bá mi kí ọ̀gá yín dáadáa, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi irú igi bẹ́ẹ̀ dáná, kó kọ́kọ́ pè mí.

Fender kan náà ló ni ilé iṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n ti ń ṣe gìtá náà. Ọ̀kan wà ní Corona, ní California. Èkejì wà ní Ensenada, ní Mẹ́síkò, láti ọdún 1987. Bí ẹnubodè kò bá dá ọkọ̀ dúró, èèyàn lè jẹun àárọ̀ ní ọ̀kan kó sì jẹ ti ọ̀sán ní èkejì. Ṣé ẹnubodè yẹn ló wá ń sọ igi di igi ìdáná?

Lára àwọn gìtá tí olówó ń wá káàkiri jù lọ ni èyí tí Fender ṣe ní Fullerton, ní California, láàárín ọdún 1950 sí 1959. Bí wọ́n bá tú ọrùn irú gìtá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rí TG tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ìdí rẹ̀, ńṣe ni owó rẹ̀ á tún gbẹ́nu sókè. Tadeo Gomez ni TG, òun ló gbẹ́ ọrùn náà. Gomez, àbúrò, kì í ṣe Smith: irú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní Mẹ́síkò ni. Ọwọ́ tí ọ̀gá yín ń bú lónìí ti wà nínú iṣẹ́ náà látìgbà tí wọn ò tíì bí èmi gan-an.

Ti Japan ló tún dùn mọ́ mi jù. Àwọn ará Japan fara wé gìtá Fender títí ayédèrú wọn fi ń dun ojúlówó. Nígbà tó di 1982, Fender fúnra rẹ̀ lọ bá wọn dòwò pọ̀, ilé iṣẹ́ FujiGen ní Matsumoto sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún wọn. Ní 1985, ilé iṣẹ́ CBS tó ni Fender nígbà náà ta Fender fún àwọn tó ń bójú tó o, wọn ò ta ilé iṣẹ́ Fullerton mọ́ ọn. Orúkọ àti àwọn ohun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni àwọn tó rà á rí gbà, wọn ò ní ibi tí wọ́n á ti ṣe gìtá. Gìtá Japan ló gbé orúkọ náà ró títí wọ́n fi dá Corona sílẹ̀.

Mi ò sọ pé ìyàtọ̀ ò sí o. Ó wà, owó ló sì rà á. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń wá pẹ̀lú àpótí líle, wọ́n á ti fi ara balẹ̀ dan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ débi tí ọwọ́ rẹ á máa yọ̀ lórí rẹ̀, pickup rẹ̀ (èyí tó ń gba ohùn okùn) àti túnà rẹ̀ (èyí tí a fi ń fa okùn le) sì máa ń wọ́n jù. Wákàtí ọwọ́ èèyàn tó wà lára rẹ̀ ló pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ṣáínà àti Indonesia: iye tí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bá san ni wọ́n á fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ Cor-Tek tó wà ní Indonesia ń ṣe fún oríṣiríṣi orúkọ, olówó pọ́ọ́kú wà níbẹ̀, gìtá tí èmi náà ò ní tijú láti gbé jáde níbi ìnáwó wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ jùjú kan, mo ra gìtá tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Made in USA wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, owó USA náà ni mo sì san. Ọdún kan kọjá kí n tó tú ọrùn rẹ̀ láti nu ìdí rẹ̀. Òǹtẹ̀ Korea ni mo bá níbẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀, gìtá lápá kan, ọrùn lápá kejì, mo ń bú ẹni tó tà á fún mi. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo tò ó padà, mo sì ta á fún ọdún mẹ́wàá mìíràn. Ẹni kan kò bi mí rí níbi òde pé ará ibo ni. Owó mi ló dùn mí, gìtá yẹn ò ṣẹ̀ mí.

Nítorí náà, ohun tí wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Kí wọ́n má kàn tẹ fóònù kí wọ́n rà á, kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n gbé gìtá náà bí káfíńtà ṣe ń gbé pákó sójú, kí wọ́n fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí orí lọ sí ìsàlẹ̀. Kó má lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Kí wọ́n fi ìka fa etí ọrùn náà sókè sódò: bí ẹnu irin fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) bá ń ya ìka, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kí wọ́n mú òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an. Méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra. Kí ẹni tó ń tà á sì bá wọn tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fret, kí wọ́n máa gbọ́ bóyá ó ń han bí eṣinṣin inú ìgò.

Kí wọ́n fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra okùn mẹ́ta mẹ́rin. Bó bá ti dé, má gbé e lọ sórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ Kejìlá á fa omi ara igi, ọrùn á yí padà díẹ̀, irin tí kò ya ẹnikẹ́ni ní Houston lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ́ ní Òṣogbo. Ti Corona náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ ọyẹ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí o wá gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bó bá fẹ́ yí irin gígùn inú ọrùn rẹ̀, èyí tó ń mú ọrùn tọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń yí i bíi pé ó ń tú nọ́ọ̀tì táyà, gba gìtá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

(Ẹ̀rọ ńlá tí ẹ fi ń gbé ohùn gìtá jáde, tó ń hó bí ìkòkò ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ní ọ̀kan. Kò sí gìtá tó lè wo ìyẹn sàn.)

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ ta Fender fún mi ní nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ fi hàn pé ti Amẹ́ríkà ni. Ṣé kí n gbà á gbọ́?
*Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Nọ́ńbà àwọn tó jáde láìpẹ́ sábà máa ń fi US bẹ̀rẹ̀ bó bá ṣe ti Amẹ́ríkà, MX bó bá ṣe ti Mẹ́síkò. Àmọ́ ẹni tó lè tẹ orúkọ Fender sórí igi lè tẹ lẹ́tà méjì mọ́ ọn. O ti ka ti Korea tèmi lókè. Ní kó dẹ okùn rẹ̀, kó tú àwọn skrù tó di ọrùn mú, kí ẹ jọ wo ohun tó wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá kọ̀, fi owó rẹ sápò, kí o sì wọ ọkọ̀ padà sílé.