Kí ni ọ̀nínì nínú "mi ò ní kọ́bọ̀, mi ò ní ọ̀nínì"?

Ìbéèrè: Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé, "Mi ò ní kọ́bọ̀, mi ò ní ọ̀nínì." Kọ́bọ̀ yé mi. Ṣé ọ̀nínì ní ìtumọ̀ tirẹ̀, àbí wọ́n kàn fi ń kún ọ̀rọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ní ìtumọ̀, owó gidi sì ni. Ọ̀nínì ló kéré jù lọ nínú owó onírin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá sílẹ̀ wa. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ni mo ń wí o, èyí tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan. Àwọn Haúsá àti Ígbò náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Anini ni wọ́n ń pè é.

Kó tó dé, owó ẹyọ la fi ń nájà. Ogójì ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló ń di ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wo bí owó yẹn ṣe wẹ́ tó! Èèyàn lè ka ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ kó fi ra ata tó máa fi se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ kan péré. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní ká pa ẹyọ tì, kọ́bọ̀ wọn tóbi jù fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí ọ̀nínì nìyẹn. Ó nihò láàárín, èèyàn sì lè sín in sókùn bí wọ́n ṣe ń sín ẹyọ.

Ọdún 1907 la kọ́kọ́ rí i. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa bà á jẹ́, ni wọ́n bá fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì rọ́pò rẹ̀ ní 1908. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà lójú rẹ̀ kan. Kò sí orí ọba Gẹ̀ẹ́sì lára rẹ̀ rárá, orúkọ ọba nìkan ni wọ́n kọ. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀nínì tó ń jẹ́ orúkọ Edward Kẹjọ dé ọwọ́ àwọn baba wa ní 1936, bẹ́ẹ̀ ọba yẹn ò lò tó ọdún kan lórí oyè tó fi gbé adé sílẹ̀, wọn ò sì ná owó rẹ̀ nílùú tirẹ̀ rí. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tí Nàìjíríà ṣe owó tirẹ̀ ní 1959, ẹ́pìnnì, ìyẹn ààbọ̀ kọ́bọ̀, ló kéré jù níbẹ̀. Wọn ò ṣe ọ̀nínì mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà dé, ṣílè 10 di náírà kan. Kọ́bọ̀ tuntun 5 ṣe déédéé sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ àtijọ́ mẹ́fà, 10 ṣe déédéé ṣílè, nítorí náà àwọn ọlọ́jà ń pe orúkọ àtijọ́ lọ. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ di orúkọ owó tuntun. Ọ̀nínì ò rí owó kankan tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù sí.

Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí "òfo" lásán. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè ní ọ̀nínì mẹ́ta tàbí mẹ́rin létí aṣọ, kó sì fi ra nǹkan jẹ. Tí ìyá yín àgbà bá wá fi "mi ò ní ọ̀nínì" tì í, wọ́n ń sọ pé èyí tó yẹ kó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́ kọ́bọ̀ pàápàá ti tán. Ẹ tún máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn owó kàn: "Mi ò mú ọ̀nínì níbẹ̀." Ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀ ló ní òun ò fọwọ́ kàn yẹn.