Owó wà nínú ìlà, Python ní òun ò rí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mò ń gbé. Mò ń bá àǹtí mi ṣe àkọsílẹ̀ wébíìlì wọn ní gáréèjì kan ní Jabi. Àwọn ọmọ tó ń gba ẹrù máa ń fi irú ìlà yìí ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn:

orúkọ=Ìyá Kẹ́mi;ibi=Zaria;owó=3,500;àkíyèsí=ó ku owó=1,000;

Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń kà á. Mo fi split(";") gé ìlà, mo tún fi split("=") gé ègé kọ̀ọ̀kan sí méjì. Nígbà mìíràn ó máa ń dá dúró lójijì. Nígbà mìíràn á ní KeyError, ìyẹn ni pé òun ò rí orúkọ tí mo bèèrè, lórí "owó", bẹ́ẹ̀ owó wà níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àrùn méjì ló wà lára kóòdù rẹ, wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ò le. Gbogbo ibi tí split("=") bá ti rí = ló máa gé, ni àkíyèsí rẹ bá di ègé mẹ́ta. Lo partition("="). Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gé, níbi = tó ṣáájú, á sì fún ọ ní ohun tó wà níwájú àmì, àmì náà fúnra rẹ̀, àti gbogbo ìyókù. Bí = ò bá sí níbẹ̀ rárá, àyè àmì á ṣófo. Ìyẹn lo máa fi mọ ègé òfìfo tí ; ìparí ìlà rẹ ń bí.

Èkejì ni mo fẹ́ jókòó tì. Ó lè jẹ́ àlàfo lásán ló wà níwájú "owó", strip() á gbá ìyẹn dànù. Àmọ́ Yorùbá lẹ fi ń kọ ọ́, àmì ohùn ni mo fura sí. Ọ̀nà méjì ni Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, gbà ń kọ ó: lẹ́tà kan tó ti ru àmì rẹ̀ (U+00F3), tàbí o lásán tí àmì òkè tẹ̀lé (U+006F, U+0301). Lójú wa, ìbejì tí ò ṣeé dá mọ̀ ni wọ́n. Lójú Python, ọ̀tọ̀ ni Táíwò, ọ̀tọ̀ ni Kẹ́hìndé. Fi len() wò wọ́n: "owó" kan á jẹ́ 3, èkejì á jẹ́ 4. Kíbọọ̀dù fóònù ò dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Èmi náà ti jókòó ní Lugbe rí láti àárọ̀ títí iná fi lọ, tí mò ń wá "orúkọ" tó wà níwájú mi.

import unicodedata

def ka_ila(ila):
    ila = unicodedata.normalize("NFC", ila)
    esi = {}
    for ege in ila.split(";"):
        koko, ami, iye = ege.partition("=")
        if ami:
            esi[koko.strip().lower()] = iye.strip()
    return esi

NFC tí mo fún normalize ló ń sọ ìbejì yẹn di ọ̀kan, àmọ́ kò ní sọ gbogbo lẹ́tà wa di ẹyọ kan o. Ọ̀ àti ẹ́ ò ní ẹyọ tiwọn ní Unicode, àmì ohùn á ṣì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò burú, ká ṣáà ti máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Rí i pé "owó" tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ sínú kóòdù wà ní NFC pẹ̀lú.

Tó o bá fẹ́ mú àkíyèsí, esi.get("àkíyèsí") ló dára, torí ìlà mìíràn ò ní in. Fún owó, esi["owó"] ni kó o lò. Bí owó bá sọnù, ó yẹ kí kóòdù pariwo. Yọ kọ́mà kúrò pẹ̀lú replace(",", "") kó o tó fi int() kàn án. Tí nọ́ńbà fóònù bá wọ inú ìlà náà, má fi int() kàn án láéláé, òdo iwájú rẹ̀ á pòórá.

Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ; sínú àkíyèsí, kóòdù yìí ò lè gbà ọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe ohun tí wọ́n ń lò lórí fóònù, jẹ́ kó máa fi JSON, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń to ìsọfúnni, ránṣẹ́, kó o sì fi json.loads kà á. Ṣùgbọ́n má yọ normalize kúrò, JSON kì í bá èèyàn tún àmì ohùn ṣe.